Ẹni Tó Bá Dáhùn Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án

Kò sí ohun tó dùn mọ́ Àǹtí Fèrè nínú tó kí òun pe nọ́ńbà, kí ọmọ dáhùn. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wọn ní básíkẹ́ẹ̀tì, fèrè kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní tó bá ń wẹ̀ nìkan ló máa ń bọ́ ọ, àwọn ọmọ ò sì gba ìyẹn náà gbọ́.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, yóò gbá pápá fúnra rẹ̀. Yóò di òpó àwọ̀n mú, yóò mì ín jìgìjìgì, kó lè mọ̀ bóyá bóòtù kan ti ń tú. Yóò yẹ èékánná ọmọ kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Yẹtí, ẹ̀gbà ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, inú àpò ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ó ní ohun tó fà á. Ó ti rí ọmọ tí ìka rẹ̀ há sínú ẹ̀gbà ọmọ mìíràn rí, igbe tí ọmọ yẹn ké kò tíì kúrò létí rẹ̀ di òní.

Ṣùgbọ́n ìpè ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bí eré bá ń lọ lọ́wọ́, yóò kàn pariwo nọ́ńbà kan láti ìdí bẹ́ǹṣì. Ọmọ tó wọ nọ́ńbà yẹn yóò nawọ́ sókè, yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Mo wà níbí!" Ọmọ tí oòrùn ti ń pa, tàbí tó ti forí gbálẹ̀ tó sì ń purọ́ pé kò sí nǹkan kan, yóò pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹni tó bá ti pẹ́, ó jáde nìyẹn, kó lọ mumi, kó lọ jókòó. Ọgbọ́n gidi ni. Dókítà kan wá wo eré wọn nígbà kan, ó yìn ín lójú èrò. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Fèrè ti ń pe nọ́ńbà ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá tí àlejò tó wọ kóòtù bá jókòó níwájú.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa gbá àṣekágbá ni ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan tó rọ̀ lára òpó àwọ̀n.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Aṣọ ni. Wọ́n fi òwú pupa dì í mọ́ bóòtù ìsàlẹ̀ pátápátá. Oòrùn ọ̀sán ń jó ilẹ̀, gbogbo pápá gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n aṣọ yẹn tutù rinrin, omi ń kán lára rẹ̀. Etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Táwẹ́ẹ̀lì Òpó Iná ni, èyí tí wọ́n ti wá títí tí wọn ò rí.

Òpó Iná lorúkọ tí àwọn ọmọ kíláàsì fún ọmọ tó ga jù nínú ẹgbẹ́ náà, tó jẹ́ pé bó bá nawọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọ̀n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí Fèrè tó ti ṣaláìsí ni. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń di irun rẹ̀, òun náà ló fún un ní jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́sàn-án.

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni ẹnì kan fi òwú dúdú rán sí àárín aṣọ tútù yẹn. Ìránṣọ náà gún régé, ó dára ju ti télọ̀ ilé-ìwé lọ.

Àǹtí Fèrè gé e kúrò, ó sọ ọ́ sínú ihò ìdalẹ̀nù. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ó tún un fọ̀. Títí tí ilẹ̀ fi fẹ́ máa ṣú, ọwọ́ náà kò gbóná.

*

"Mo wà níbí!"

Inú ilé ìdáná ni ohùn náà ti wá. Àǹtí Fèrè, tó ń lọ aṣọ ní yàrá, gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Ó bá Òpó Iná nídìí abọ́ tó ń fọ̀, ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ìfófò ọṣẹ ń ṣàn bọ̀ ní apá rẹ̀.

"Ta lò ń dá lóhùn?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, Àǹtí mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ pe nọ́ńbà mi."

"Èmi tí mò ń lọṣọ ní yàrá?"

"Láti ẹ̀yìn fèrèsé yìí lẹ ti pè mí." Ọmọ náà sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ohùn yín ni. Àní ẹ tún fà á bí ẹ ṣe máa ń fà á tí àwọn àlejò bá wà."

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ìbá di ẹjọ́. Àǹtí Fèrè ò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀gún inú rẹ̀. Ó wo fèrèsé. Kò sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ju ògiri aládùúgbò àti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kò sí aṣọ kankan lórí okùn náà, ṣùgbọ́n ó ń mì.

"O ti ń sùn lórí ìdúró nìyẹn," ó wí, ó fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i. "Fi abọ́ yẹn sílẹ̀, màá parí ẹ̀."

"Àǹtí mi." Ọmọ náà kò kúrò. "Nígbà tí mo dáhùn, ó dà bíi pé ẹnì kan dúró tì mí. Báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò tí ò tíì nu ara. Ẹsẹ̀ mi òsì ń tutù."

Àǹtí Fèrè bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ó yára dìde, ó ti fèrèsé, ó sì sọ pé ẹ̀fọn ló ń wọlé.

*

Ní apá kejì ìlú, ọkùnrin kan ń fi áńkáṣíìfù ara rẹ̀ nu ife-ẹ̀yẹ.

Oníkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Òun ni kóòṣì ilé-ìwé kejì tí wọ́n jọ máa gbá àṣekágbá. Ó ti pẹ́ tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó ń kùn ún, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọdún méjì léraléra ló ti gba kọ́ọ̀pù yìí. Tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, ti ilé-ìwé rẹ̀ ni títí láé, ó sì ti to àwọn yòókù sún kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kí àyè lè wà fún un láàárín gbùngbùn. Kò fẹ́ràn Àǹtí Fèrè rárá. Ìyẹn ò ní kó má ṣe àfarawé rẹ̀ o: láti ìgbà tí dókítà ti yin ọgbọ́n ìpè yẹn, òun náà ti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa nawọ́, tí wọn yóò máa dáhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í, yóò ní òun lòun kọ́kọ́ ṣe é.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì, ó gbé fáànù kan tí kò bàjẹ́, ó padà lọ sọ́dọ̀ Oní-Fíríìjì.

Ọkùnrin yìí ń tún fíríìjì ṣe lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gùn, ó ṣókùnkùn lọ́sàn-án, òkú fíríìjì tò sí apá ọ̀tún àti apá òsì bí èrò tó ń dúró de ìpè. Ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n ń torí ẹ̀ wá. Kí ayé má bàa fura, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ ló máa ń gbé nǹkan kan dání tó fẹ́ tún ṣe.

"Táwẹ́ẹ̀lì ọmọ tẹ́ ẹ jí wá ti ṣiṣẹ́, ìpè àkọ́kọ́ ti dé ilé ìdáná," Oní-Fíríìjì wí, láìgbé ojú sókè. "Ó ti dáhùn."

Oníkọ́ọ̀pù wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Mi ò ní kó kú o. Ẹ jọ̀ọ́, ká jọ yé ara wa."

"Ta ló dárúkọ ikú?"

"Kó kàn jókòó ni. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ wúwo díẹ̀, kó má lè fò. Tí eré bá ti parí, kó gbádùn."

"Kóòṣì, ẹ ti rí fíríìjì tí wọ́n ní kó tutù tàánútàánú rí?" Ọkùnrin náà ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀kan nínú àwọn òkú fíríìjì yẹn. Kò sí iná lára rẹ̀, kò sí wáyà, ṣùgbọ́n èéfín òtútù tú jáde níbẹ̀, ó bo bàtà Oníkọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kejì á lọ fúnra rẹ̀, ohùn olùkọ́ ọmọ náà ló máa gbé wọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnu yín ló gbọ́dọ̀ ti jáde, lójú èrò, kí eré tó parí. Ẹ pe nọ́ńbà náà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, tó dáhùn, òun ló máa bá lọ."

"Tí mi ò bá pè é ńkọ́? Ká ní ọkàn mi yí padà."

"Ó ti wà lẹ́nu yín láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé. Tẹ́ ẹ bá gbé e mì, inú yín ló máa jókòó sí."

Oníkọ́ọ̀pù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ahọ́n òun ti tutù.

*

Ẹ̀ẹ̀kejì ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo àwọn ọmọ Àǹtí Fèrè, nínú oòrùn, lórí pápá tiwọn.

Àǹtí Fèrè wọ yàrá ìkẹ́rù-sí lọ gbé omi mímu. Ó ń gbé ike náà sí èjìká nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níta. "Nọ́ńbà mẹ́sàn-án!" Ó gbọ́ bí ó ṣe fà á. Kí ó tó lè lanu, ọmọ náà ti dáhùn: "Mo wà níbí!" Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ bọ́ọ̀lù kan tó ń ta lórí ilẹ̀, tó ń ta, tí kò sẹ́ni tó mú un, títí tó fi dákẹ́.

Nígbà tó sáré jáde, Òpó Iná ti wà lórí eékún. Àwọn yòókù dúró gbagidi. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

"Ta ló pè é?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọ tó kéré jù láàárín wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìkókó, tí kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé ìparí, ló fọhùn. "Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn." Ó nàka sí ìdí òpó àwọ̀n. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ ẹ̀yìn sí wa. Aṣọ yín sì tutù."

Àǹtí Fèrè gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Dókítà ní kò sí nǹkan kan, ọmọ yìí le koko, ó kàn nílò ìsinmi. Ó kọ oògùn afúnnilókun. Òtútù ẹsẹ̀ ọmọ náà ti gùn dé itan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn ti Àǹtí rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn yọ jáde ní ìparí ibùsùn. "Tó bá tún pè mí," ó wí, "mi ò mọ̀ bóyá mo lè má dáhùn. Ẹnu mi ló ń dáhùn. Kì í dúró dè mí."

Àǹtí Fèrè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mọ ẹni tó kọ́ ẹnu yẹn.

*

Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, tó ti gbọ́ ohun tó ṣe ọmọ náà, ló rọra júwe ṣọ́ọ̀bù Oní-Fíríìjì fún un. "Ẹ gbé nǹkan dání o, mà," ó wí. Nítorí náà, Àǹtí Fèrè gbé kẹ́tùlù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó rin ọ̀nà tó jìn, ó sì ń bá gbogbo ẹni tó bá pàdé sọ̀rọ̀ kẹ́tùlù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Fáànù kan ló kọ́kọ́ rí lórí tábìlì. Wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé kejì sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà funfun, wọ́n tún kọ "ỌFÍÌSÌ KÓÒṢÌ ÀGBÀ" sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Oníkọ́ọ̀pù jẹ́, ó lọ ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú fáànù tó ní àmì.

Àǹtí Fèrè nàka sí fáànù náà. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é fún un."

"Èmi, mò ń tún nǹkan ṣe ni," Oní-Fíríìjì dáhùn. "Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ wá, mo máa bá a ṣe é. Kí ló ṣe kẹ́tùlù yín?"

"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá. Ọmọ òkú ni. Òun nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún mi."

Ọkùnrin náà fi àkísà nu ọwọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìpè kẹta fún un, bí ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni àná. Lẹ́yìn náà, ó yọ àpò awọ kékeré kan jáde, tó ní okùn. "Kó so èyí mọ́ ìdí wọ pápá."

"Àpò? Pẹ̀lú okùn? Nínú eré?" Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó. "Kí ọwọ́ ọmọ ẹlòmíì lọ há sí i?"

Oní-Fíríìjì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi pé báyìí lẹ ṣe rí. Ó dáa. Ohun tó ń bọ̀ yìí ò mojú, nọ́ńbà ló mọ̀. Ẹ bọ́ jẹ́sì náà lára ọmọ yín, ẹ gbé e wọ ọmọ mìíràn. Ó tán."

"Ọmọ ta?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tí ẹ ní lọ́pọ̀."

Àwọn òkú fíríìjì náà dákẹ́. Nínú ọ̀kan, nǹkan kan sún.

"Tí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Á padà sọ́dọ̀ ẹni tó pè é." Ó da àpò awọ náà padà sínú dúrọ́ọ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti mọ ìdáhùn jù. Iṣẹ́ yín mà dáa o, olùkọ́."

*

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé Oníkọ́ọ̀pù ni wọ́n ti gbá àṣekágbá. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó tó ń dán, àwọn òbí kún àga dé òkè. Àǹtí Fèrè kò lè fi Òpó Iná sílé, ilé tí wọ́n ti ń pè é láti fèrèsé, nítorí náà ó mú un dání. Ní yàrá ìmúra, ó to àwọn ọmọ rẹ̀ jọ.

"Lónìí, ẹni tó bá gbọ́ nọ́ńbà rẹ̀, kó dákẹ́. Ohùn mi ni o, ohùn ẹlòmíì ni o. Ẹni tó bá dáhùn, mo yọ ọ́."

"Àǹtí, báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó farapa?"

"Ojú ni mo máa fi mọ̀ ọ́n."

Wọ́n wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ó bọ́ jẹ́sì mẹ́sàn-án lára ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dì í mú títí. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé: "Ìkókó. Máa bọ̀."

Ọmọ náà ò gbà gbọ́. Jẹ́sì yẹn bò ó dé orúnkún. "Èmi, Àǹtí? Èmi ni mo máa bẹ̀rẹ̀? Yéè! Ìyá mi wà níta! Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ kan ẹ máa pè mí!" Ó sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yọ orí síta, ó sì kọ ẹ̀yìn síta kí ìyá rẹ̀ lè rí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, obìnrin kan dìde nínú èrò, ó ń ju gèlè, ó ń jó, kò sì tíì sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kankan.

Àǹtí Fèrè fà á wọlé padà.

"Bọ́ ọ."

"Mà?"

"Mo ní kó o bọ́ ọ. Wọ tìrẹ."

Ẹkún tí ọmọ náà sun ò ní ariwo, èyí ló sì burú jù. Nígbà tí wọ́n ti jáde tán, Àǹtí Fèrè dúró nìkan pẹ̀lú aṣọ náà. Kò lè sun ún, kò lè sọ ọ́ nù kí ọmọ kan má lọ he é. Ó ti sókè, ó ti sísàlẹ̀, ó fi agídí fún ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ara obìnrin àádọ́ta ọdún nínú ẹ̀wù ọmọ ilé-ìwé. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e, ó fa síìpù dé ọrùn, ó sì jáde.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wọn ti ń dúró dè é nídìí bẹ́ǹṣì. "Olùkọ́, ẹ fẹ́ dójú tì wá ni? Ọmọ tó ń sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lẹ wọ yúnífọ́ọ̀mù kíláàsì fún yìí?"

"Ara rẹ̀ ò yá, sà."

"Ó ń jẹ gúgúrú!"

Lóòótọ́ ni. Òpó Iná ń jẹ gúgúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì nà síwájú bí igi tí wọ́n so mọ́ ọn.

*

Oníkọ́ọ̀pù ti wo bẹ́ǹṣì àwọn àlejò títí ojú rẹ̀ fi ń dùn ún. Kò sí nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn lórí pápá. Kò sí lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń borí, wọ́n ń borí dáadáa, láìsí oògùn kankan, ó sì yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ń wú. Ó mu tíì gbígbóná nínú fílásíìkì, tíì náà tutù kó tó dé ọ̀fun. Eyín rẹ̀ ń gbọ̀n lu ara wọn. Àwọn òbí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rò pé ìdùnnú ni.

Ó gbìyànjú láti gbé e mì. Nǹkan kan tó wúwo yí ara padà lórí ahọ́n rẹ̀, ó jókòó, bí ẹni tó fẹ́ wà níbẹ̀ títí.

Aago ara ògiri ń sá lọ sí ìparí eré. Oníkọ́ọ̀pù fò dìde.

*

"Nọ́ńbà mẹ́sàn-án!"

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Àǹtí Fèrè na apá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu Òpó Iná. Lórí pápá, àwọn ọmọ rẹ̀ dákẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n pa ètè pọ̀ bí ó ṣe sọ fún wọn. Ìdáhùn ń gun ọ̀nà ọ̀fun òun náà bọ̀, ó sì bu ahọ́n jẹ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ti fẹ́ mí.

Nígbà náà ló rí ọwọ́ kan tó ń lọ sókè.

Láàárín àwọn ọmọ Oníkọ́ọ̀pù ni. Ọmọ kúkúrú kan tó ti ń fi gbogbo ọkàn sáré láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ti di irun rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tí òógùn bo ojú rẹ̀. Ó yíjú sí kóòṣì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ọmọ tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Láyà rẹ̀, lórí jẹ́sì ilé-ìwé tirẹ̀, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ. Ẹgbẹ́ wo ni kò ní mẹ́sàn-án? Oníkọ́ọ̀pù, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá gbogbo kóòṣì, kò rò ó débẹ̀. Àǹtí Fèrè náà ò rò ó.

Oníkọ́ọ̀pù rí ọwọ́ náà. Ó ń mi orí, ó ń mi ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde mọ́. Ọmọ náà rò pé ó ń kí òun kú iṣẹ́ ni.

Nǹkan kan nínú Àǹtí Fèrè sọ pé: jókòó. Ọmọ wọn ni. Oníkọ́ọ̀pù ló pè é, ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ dáhùn, ẹsẹ̀ ọmọ tìrẹ yóò gbóná, ẹ ó lọ sílé.

Ọmọ kúkúrú náà la ẹnu.

Àǹtí Fèrè ti dìde. Kò mọ ìgbà tó fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Ó dúró lójú gbogbo èrò nínú ẹ̀wù tó fún un mọ́yà, ikùn rẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn ọmọ náà fi rì sínú tirẹ̀ kó tó jáde:

"Mo wà níbí!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà bo ojú.

Ó jókòó, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti lọ. Òtútù náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan. Ó dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n ti ènìyàn sínú kànga. Bẹ́ǹṣì náà ró, ó tẹ̀ ní apá òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí. Omi ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ń lọ sórí pákó tó ń dán, tààrà sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń sáré.

Kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo omi náà.

"Rẹfirí!" Ohùn rẹ̀ ṣì gún. "Ẹ dá eré dúró. Ilẹ̀ ti tutù. Ọmọ máa yọ̀."

Rẹfirí bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì yára fà á padà bí ẹni tí iná jó. Ó fọn fèrè.

"Ẹ kó gbogbo wọn jáde," Àǹtí Fèrè wí. "Tiwa àti tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré. Àwọn kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó. Kí wọ́n gba apá ibẹ̀ yẹn, kò tíì débẹ̀."

Wọ́n ń jáde. Ó ń fi ojú kà wọ́n. Ìkókó kọjá, ojú rẹ̀ ṣì wú. Ọmọ kúkúrú yẹn kọjá, ó ń wo ẹ̀yìn, kò mọ ohun tó ré òun kọjá. Oníkọ́ọ̀pù jókòó sórí ilẹ̀ nídìí bẹ́ǹṣì tirẹ̀, òógùn orí rẹ̀ ń ṣàn dúdú sí ọrùn ẹ̀wù funfun, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Àwọn òbí kan gbé e ní apá, wọ́n fà á jáde.

Òpó Iná nìkan ló kù.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó, ẹsẹ̀ mi ti gbóná." Ó ń fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ẹ dìde ká lọ."

"Mò ń bọ̀."

"Ètè yín ti dúdú."

"Má fọwọ́ kàn mí!" Ó jẹ́ kí ohùn náà rọ̀. "Lọ bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ka àwọn ọmọ wa dáadáa, kí ọ̀kan má lọ sí títì. Mú Ìkókó lọ́wọ́ fún ìyá rẹ̀, sọ fún un pé mo ní kó má bínú. Ṣé o ti gbọ́?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ta ni kóòṣì láàárín àwa méjèèjì?"

Ọmọ náà lọ. Ó ń wo ẹ̀yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn méjèèjì ń gbé e dáadáa. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Fèrè gbọ́ ohùn rẹ̀ níta tó ń ka àwọn ọmọ, kò yára, kò fo ẹnì kan, títí tí iye wọn fi pé.

Ilẹ̀kùn pa dé.

Ìgbà náà ni Àǹtí Fèrè tó yíjú sí apá òsì, láti wo ẹni tí wọ́n jọ jókòó.